Ìwé Ni Kó Ṣíwájú, Kí Bọ́ọ̀lù Tẹ̀ Lé E

Ìtàn Maro Itoje, ọmọ Nàìjíríà tí ó di balógun àwọn agbá-rọ́gbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọjọ́ kan nínú sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, bí a ti fẹ́ lu aago ìparí iṣẹ́, ìyá kan wọlé tọ̀ mí wá nínú kíláàsì. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà ìlú wa. Ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀ rárá, nítorí náà mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bọ́ọ̀lù ni ó gbé dání. Ó gbé e lé orí tábìlì mi, ó ní:

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀bẹ la nǹkan yìí, kí n lè rí oorun sùn."

Mo ní kí ó jókòó. Mo ní, "Ìyá wa, kí ni bọ́ọ̀lù ṣe?"

Ó ní ọmọ òun a máa gba ipò kẹta tàbí ìkẹrin tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ipò kẹtàdínlógún ni ó gbà lẹ́ẹ̀kan yìí. Ó ní bí ó bá ti ti sùkúù dé, kò tún ní wo ojú ìwé mọ́. Pápá ni yóò gbà lọ, ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. "Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Èmi kò jókòó sínú oòrùn ọjà láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí kí ọmọ mi lè mọ bọ́ọ̀lù gbá."

Òtítọ́ ni ó sọ, n kò sì lè já a níyàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ náà. Mo mọ̀ pé bí a bá la bọ́ọ̀lù yìí, kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé ìwé. Ńṣe ni yóò jókòó sínú kíláàsì tí ọkàn rẹ̀ yóò wà ní pápá. Mo bẹ ìyá náà pé kí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún mi, kí n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó sì fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi wá èsì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èsì náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn láàárín ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.

TA NI MARO ITOJE?

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò Camden, ni a ti bí ọmọkùnrin kan ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 1994. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìhín ni wọ́n ti ré kọjá sí Ìlú Ọba. Oghenemaro ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti bá àwọn ará Ùròbò tàbí Ìsókó gbé yóò mọ̀ pé Oghene ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Wọ́n gé orúkọ náà kúrú, ó di Maro, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì ń pè é títí di òní: Maro Itoje.

Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà nídìí òwò ilé àti ilẹ̀. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé: tíṣà ni bàbá, oníṣòwò ni ìyá. Irú ilé tí púpọ̀ nínú wa ti jáde ni ọmọ yìí ti jáde, àfi pé òkè òkun ni tirẹ̀ wà.

Ọmọ náà ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Kò sí eré ìdárayá tí ó dáwọ́ lé tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù tí a ń jù sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì mọ irin roboto jù dé ibi pé ó ju irin náà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, ó wọ sùkúù St George's ní ìlú Harpenden, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rọ́gbì. Sùkúù yìí kan náà ni Owen Farrell àti George Ford lọ, àwọn méjì tí àwọn náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí rọ́gbì.

IRÚ BỌ́Ọ̀LÙ WO NI RỌ́GBÌ?

Nítorí pé púpọ̀ nínú wa kò mọ eré yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín díẹ̀ kí a tó máa bá ìtàn lọ.

Bọ́ọ̀lù rọ́gbì kò rí roboto. Ó gùn ní ìhà méjèèjì bí ẹyin adìẹ, nítorí náà bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò ta sí. Ènìyàn 15 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 80 ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń gbá a. A lè fi ẹsẹ̀ gbá a, a sì lè fi ọwọ́ gbé e sáré. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ó ya àlejò lẹ́nu: ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ jù ú sí iwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni ó lè jù ú sí. Bí o bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù dé iwájú, àfi kí o fi ẹsẹ̀ gbá a, tàbí kí ìwọ fúnra rẹ gbé e sáyà kí o sì la àárín àwọn ọ̀tá kọjá. Àwọn náà kò ní dúró máa wò ọ́. Wọn yóò gbá ọ mú ní ìbàdí tàbí ní itan, wọn yóò sì gbé ọ ṣánlẹ̀, réfírì kò sì ní fọn fèrè, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti gbá ọ mú ní ọrùn.

Ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá àwọn ọ̀tá, tí ó sì fi í kanlẹ̀, ti jẹ àmì 5 fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Try ni wọ́n ń pe èyí. Lẹ́yìn náà wọn yóò fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì lórí igi ìdábùú. Bí ó bá wọlé, ó di àmì 2 sí i. Bí àwọn ọ̀tá bá rú òfin, a lè gbá a fún àmì 3.

Iṣẹ́ Maro nínú ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ àwọn agùntáṣọ́ọ́lò méjì tí wọ́n ń wọ nọ́ńbà 4 àti 5. Bí àwọn mẹ́jọ bá forí kó láti ti àwọn mẹ́jọ mìíràn sẹ́yìn, àárín ni wọ́n wà, agbára wọn ni ó sì ń ti àwọn tí ó wà níwájú. Bí bọ́ọ̀lù bá jáde ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ìhà méjèèjì yóò tò ní ọ̀wọ́ méjì, ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù sí òkè láàárín wọn, agùntáṣọ́ọ́lò yóò fò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì gbé e sókè bí ẹni tí ó fẹ́ já ọsàn lórí igi.

Ẹ má ṣe rò pé agbára nìkan ni eyí gbà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àṣírí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ fún ara wọn ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀tá mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ ní láti máa ṣọ́ ìrìn wọn, kí ó máa rántí ohun tí wọ́n ṣe ní ìgbà tí ó kọjá, kí ó sì fi ṣe ìṣirò ohun tí wọn yóò ṣe. Iṣẹ́ jíjí yìí gan-an ni Maro fi lókìkí jù lọ. Bóyá ọmọ olùkọ́ ìṣirò ni ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÒFIN INÚ ILÉ

Mo ń bọ̀ wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ìyá aláṣọ wa. Nígbà tí àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọmọ yìí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nídìí rọ́gbì, kí ni àwọn òbí rẹ̀ ṣe? Wọn kò la bọ́ọ̀lù. Wọn kò sì sọ fún un pé kí ó pa ìwé tì. Òfin kan ni wọ́n fi lélẹ̀, Maro fúnra rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ fún àwọn oníwèé-ìròyìn láti ọjọ́ pípẹ́: ìwé ni kó ṣíwájú. Bí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀, kò sí rọ́gbì.

Ẹ wo bí òfin náà ti gún régé tó. Kò sọ eré di ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sọ ọ́ di ọlọ́run. Ó sọ eré di èrè. Ọmọ tí ó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tọkàntọkàn yóò kàwé nítorí bọ́ọ̀lù náà, bí kò tilẹ̀ fẹ́ràn ìwé. Àwọn àgbà sì ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ọmọ náà kó láti ilé ni ó ń gbé kiri títí di òní.

Òfin náà so èso. Nígbà tí ó tó àkókò kí ó ṣe ọdún méjì ìkẹyìn ní sùkúù, Harrow fún un ní sikọ́láṣíìpù. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò ti gbọ́ orúkọ sùkúù yìí. Ọdún 1572 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni Winston Churchill ti kàwé, ibẹ̀ náà ni Jawaharlal Nehru ti Íńdíà ti kàwé. Ọmọ àwọn ọlọ́lá ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ tíṣà àti oníṣòwò láti Nàìjíríà bọ́ sí àárín wọn.

Ní àkókò kan náà, ẹgbẹ́ agbá-rọ́gbì Saracens, tí ó wà ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ti mú un sínú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn. Gbogbo ènìyàn rí i pé owó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú: títí di oṣù kẹjọ ọdún 1995, òfin rọ́gbì union kò gbà pé kí ẹnikẹ́ni fi eré náà jẹun. Oníṣẹ́ ìjọba, dókítà, lọ́yà, ọlọ́pàá ni àwọn tí ń gbá a. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ sí pápá. Maro kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí òfin náà yí padà. Ìran rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dàgbà bá a pé ènìyàn lè fi rọ́gbì union ṣe iṣẹ́ oòjọ́ láti ọjọ́ tí ó bá ti kúrò ní sùkúù.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tún wo ẹ̀yìn wo ìwé mọ́. Maro kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ SOAS, tí ó jẹ́ ara Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú níbẹ̀. Ìmọ̀ nípa Áfíríkà àti Éṣíà ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi lókìkí. A ti kọ́ni ní èdè Yorùbá wa níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀, Maro yóò wà ní pápá, a ó máa gbé e ṣánlẹ̀. Bí ó bá wẹ̀ tán, yóò gbé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ó fi gba oyè.

BALÓGUN NÍ ỌMỌ ỌDÚN 19

Ní sáà 2013 sí 2014 ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà Saracens. Ní ọdún 2014 kan náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe balógun àwọn ọ̀dọ́ wọn tí kò tíì ju ọmọ 20 ọdún lọ, ó sì kó wọn lọ sí ìdíje ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ New Zealand.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹfà, wọ́n bá Gúúsù Áfíríkà pàdé ní ìdíje àṣekágbá ní pápá Eden Park, ní ìlú Auckland. Ẹni tí ó bá mọ rọ́gbì mọ̀ pé àwọn ará Gúúsù Áfíríkà kì í fi eré ṣe eré. Wọ́n jà, wọ́n wọ̀jà, nígbà tí fèrè ìkẹyìn sì dún, àmì 21 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní, àmì 20 ni Gúúsù Áfíríkà ní. Àmì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún 19 ni ó gbé ife náà sókè.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, òun ni ó tún ṣe balógun Saracens nígbà tí wọ́n na Exeter ní 23 sí 20, tí wọ́n gba ife LV. Ní oṣù karùn-ún, Saracens na Bath ní 28 sí 16, wọ́n sì gba ife líìgì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jọ pé ọ̀nà ti là gbooro.

ÌJÁKULẸ̀ ỌDÚN 2015

Ṣùgbọ́n ayé kì í lọ tààrà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbàlejò ìdíje ife àgbáyé rọ́gbì. Wọ́n pe Maro mọ́ àwọn tí yóò lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó jẹ́ ọmọ ọdún 20. Gbogbo ọmọ tí ń gbá rọ́gbì ní ilẹ̀ náà ni ó ń lá àlá pé kí òun wà nínú ẹgbẹ́ yìí, kí òun gbá a lójú àwọn ará ilé. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, wọ́n dín àwọn ènìyàn kù. Orúkọ Maro wà lára àwọn tí wọ́n yọ.

Ó padà sí Saracens, ó padà sí ìwé. Láti òkèèrè ni ó ti wò ó bí Wales ti na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 28 sí 25, tí Ọsirélíà tún nà wọ́n ní 33 sí 13, tí àwọn onílé fi jáde nínú ìdíje náà kí àwọn àlejò tó jókòó dáadáa. Kóòṣì wọn fi ipò náà sílẹ̀, wọ́n mú Eddie Jones wá láti fi rọ́pò rẹ̀, ọmọ Ọsirélíà ni.

Jones kò fi oyin sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àwọn oníwèé-ìròyìn bi í léèrè nípa ọmọkùnrin yìí tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ó fi í wé mọ́tò Vauxhall Viva, mọ́tò kékeré kan báyìí tí àwọn ará Ìlú Ọba ń gùn ní ìgbà àwọn bàbá wọn, ó ní iṣẹ́ àwọn ni láti sọ ọ́ di BMW. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún tàbí kò dùn ún, Maro kò bá a ṣe àríyànjiyàn. Pápá ni ó fi fèsì.

ỌDÚN TÍ ÌRÀWỌ̀ RẸ̀ YỌ

Ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 2016, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ bá Ítálì ní Róòmù. Lẹ́yìn ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pe Maro wọlé láti rọ́pò ẹlòmíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wọ aṣọ funfun àwọn àgbà. Wọ́n na Ítálì ní 40 sí 9. Ní ọjọ́ 27, oṣù náà, ó bẹ̀rẹ̀ eré láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n na Áyálándì ní 21 sí 10.

Lẹ́yìn náà ni ó kan Wales, ní ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ní pápá Twickenham tí ó ń gba ènìyàn 82,000. Àwọn Wales yìí náà ni wọ́n ti dójú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Maro ń fò sókè, ó ń jí bọ́ọ̀lù wọn. Ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, òun fúnra rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, ó já àárín wọn kọjá bí ẹni tí ó la pápá ìgbẹ́, láti ibẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù ti dé ọ̀dọ̀ Anthony Watson tí ó fi jẹ try. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí ní 25 sí 21, wọ́n sì pe Maro ní ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù jù lọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na Faransé ní Párísì ní 31 sí 21. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni ó wà nínú ìdíje ọdọọdún yìí. Ẹgbẹ́ tí ó bá na márùn-ún yòókù láìku ẹyọ kan ni a ń pè ní olúborí Grand Slam. Láti ọdún 2003 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti rí irú rẹ̀ gbà. Ẹni tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ ní oṣù kẹjọ ti di òpó ilé ní oṣù kẹta.

Ọdún náà kò tíì parí o. Ní oṣù karùn-ún, Saracens na Racing 92 ní 21 sí 9 ní ìlú Lyon, wọ́n gba ife gbogbo Yúróòpù. Maro ni wọ́n sì pè ní agbá-rọ́gbì tí ó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún náà. Láàárín oṣù náà kan náà, wọ́n tún na Exeter ní 28 sí 20, wọ́n gba ife líìgì. Ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ọsirélíà, wọ́n sì na onílé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn aláṣẹ rọ́gbì àgbáyé fún un ní ẹ̀bùn ọ̀dọ́ tí ìràwọ̀ rẹ̀ yọ jù lọ.

Ọmọ ọdún 21 ni ó jẹ́ nígbà tí púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ni.

BÍ ÀWỌN ỌDÚN TI Ń GORÍ ARA WỌN

N kò ní fa ìyókù gùn. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ Lions, tí a ń ṣà jọ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tílándì, Wales àti Áyálándì, mú un lọ sí New Zealand. Òun ni ó kéré jù nínú wọn lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni àwọn òǹwòran fi ń kọrin. Wọ́n pàdánù ọ̀kan, wọ́n jẹ ọ̀kan, wọ́n sì ta ọ̀mì ìkẹta. Ní 2019, wọ́n na New Zealand ní 19 sí 7, wọ́n dé ìdíje àṣekágbá ife àgbáyé ní Japan, ṣùgbọ́n Gúúsù Áfíríkà nà wọ́n ní 32 sí 12. Ní 2020, Saracens já sí ìpele kejì nítorí pé wọ́n rú òfin ìnáwó. Maro kò sá fi wọ́n sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n fi í jẹ balógun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún náà kan náà, wọ́n fi í jẹ balógun Lions lọ sí Ọsirélíà, wọ́n sì borí níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ohun kan wà tí ó wù mí ju gbogbo ife wọ̀nyí lọ. Ní ọdún 2021, Maro kó iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ Áfíríkà jọ, ó sì ṣe àfihàn wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó bí èyí ni pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, bí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtàn àwọn adúláwọ̀ ní sùkúù Ìlú Ọba dà bí ẹni pé oko ẹrú ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọdé mọ̀ pé ayé ti wà kí oko ẹrú tó dé. Ẹsẹ̀ kọ́ ni ó fi rò ó. Ìwé tí àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jù sílẹ̀ ni ó fún un lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀.

KÍ A MÁ TAN ARA WA

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ, kí òbí kan má baà fi ìtàn yìí ra bọ́ọ̀lù lọ́la kí ó sì máa retí owó. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ni yóò di Maro. Maro ga, egungun rẹ̀ le, ó bọ́ sí sùkúù tí pápá rẹ̀ tẹ́jú tí kóòṣì rẹ̀ mọṣẹ́. Ìwọ̀nba ni èyí tí ọwọ́ àwa lè tó nínú ìwọ̀nyí. Àní ẹni tí ó bá tilẹ̀ yege, ẹsẹ̀ kan tí ó bá rọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé lè mú iṣẹ́ rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò bá sì fara pa, díẹ̀ ni ó ń gbá a kọjá ọmọ ọdún 35. Kí ni yóò máa ṣe fún ọdún 30 tí ó kù?

Maro kọ́ ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá rọ́gbì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Victor Ubogu, tí a bí ní Èkó ní 1964, ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Steve Ojomoh tí a bí ní Benin, àti ọmọ tiwa gan-an, Adedayo Adebayo, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1970. Ẹgbẹ́ Bath ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbá a fún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sí owó oṣù nídìí rẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Àwọn ìgbà yẹn, òfin ni ó ń fi ipá mú agbá-rọ́gbì kí ó ní ìwé tàbí iṣẹ́. Lónìí, kò sí òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Òbí ni ó kù tí yóò ṣe òfin náà.

ÈSÌ TÍ MO FÚN ÌYÁ ALÁṢỌ

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ìyá náà padà wá. Mo sọ ìtàn yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́, ó ní, "Tíṣà, ṣé eku méjì kọ́ ni ọmọ yẹn lé?"

Mo ní, "Ìyá wa, eku méjì ni. Ṣùgbọ́n kò lé wọn pọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n tò wọ́n fún un: èyí ni kí o kọ́kọ́ pa, bí o bá pa á tán, máa lé èkejì."

A fẹnu kò sí ohun mẹ́ta. Èkíní, ọ̀dọ̀ mi ni bọ́ọ̀lù yóò máa wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èkejì, ọmọ náà yóò ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ nínú kíláàsì lẹ́yìn sùkúù. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ó péye, n óò gbé bọ́ọ̀lù fún un fún wákàtí kan. Ìkẹta ni ó ṣòro fún ìyá náà láti gbà: mo ní kí ó wá wo ọmọ náà ní pápá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó lè mọ ohun tí òun fẹ́ fi ọ̀bẹ là.

Ọjọ́ kan ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wá. Ó dúró ní abẹ́ igi màngòrò, ó ká ọwọ́ gbera, kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà fi bọ́ọ̀lù wọ góòlù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sọ sókè, mo rí i tí ìyá náà fi ìborùn nu ojú. Ó ní eruku ni.

Ní ìparí sáà, ipò kẹsàn-án ni ọmọ náà gbà. Kò tíì dé ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú mi, kò fi bò. Ó ní bí ó bá padà sí ipò kẹtàdínlógún, òun yóò gba bọ́ọ̀lù náà, ọ̀bẹ òun sì mú. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sínú báàgì, ó mú bàtà bọ́ọ̀lù jáde, tuntun, tí ó ti rà lọ́jà lọ́dọ̀ ẹni tí ó jókòó tì í.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ la bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ. Ẹ wá kọ́bọ́ọ̀dù tì í mọ́, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìwé.